Ẹnu Aboyún àti Àlàáfíà Ọmọ Inú Rẹ̀

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ àṣà wa láti máa kẹ́ aboyún. Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà yóò gbàdúrà fún un pé kí Olódùmarè sọ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. A kì í jẹ́ kí ó ru ẹrù wúwo. Oúnjẹ wà tí a ń fún un, oúnjẹ sì wà tí a fi ń pamọ́ fún un. Nígbà tí ọ̀làjú dé, a fi ti ilé-ìwòsàn kún un: a ń wọn ìfúnpá rẹ̀, a ń gbé e lórí ìwọ̀n, a ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a sì ń fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láti mọ bí ọmọ ti sùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtọ́jú yìí, ibì kan wà tí ojú wa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ ìyá àti ti ọmọ ń gbà kọjá. Ẹnu ni à ń wí.

A kò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ láti fi pa àkókò. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ní ọdún 2020 nìkan, àwọn ọmọ tí a bí ṣáájú oṣù wọn ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 13.4. Nàìjíríà ni ó ṣe ìkẹta nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù, lẹ́yìn Íńdíà àti Pakístàn. Tiwa lé ní 770,000. Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn oníṣègùn ń kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tí kò bá sì wọn kílógíráàmù 2.5 nígbà tí a bí i, wọn a kà á sí ọmọ tí ó fúyẹ́ jù. Irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni òtútù ń tètè mú, ni mímí ń nira fún, ni kò lágbára àtimu ọmú. Ẹni tí ó bá ti bá ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó mọ́jú rí mọ̀ pé kò sí ohun tí ènìyàn kò ní ṣe kí ó má baà tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Kí ni ó wá kan eyín nínú èyí? Bí obìnrin bá lóyún, àwọn èròjà tí ń ṣe àkóso oyún a máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn a sì mú kí èrìgì, èyíinì ni ẹran tí ó di ìdí eyín mú, tètè máa wú. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí kò lè ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan lè mú kí èrìgì aboyún pọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jáde bí ó bá ń run orín. Èyí a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejì, a sì máa le sí i títí di oṣù kẹjọ. Ti àwọn mìíràn a tilẹ̀ yọ kókó pupa kan sí àárín eyín méjì, tí àwọn ará ilé yóò fi máa sá sókè sá sódò pé àrùn burúkú ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kókó náà ń rọ lẹ́yìn ìbímọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án. Èyí tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni kí ìdọ̀tí wọ abẹ́ èrìgì lọ, kí ó jókòó síbẹ̀, kí ó sì máa jẹ egungun tí ó gbé eyín ró. Àrùn yìí kì í sábà dunni, ibi tí ó ti burú nìyẹn. Ẹnu a máa rùn, eyín a bẹ̀rẹ̀ sí mì, ẹni tí ó ní i a sì máa rò pé ọjọ́ orí ni.

Láti inú èrìgì tí ó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí kan náà ni ó ń lọ sí ibi ọmọ. Bí ara bá sì ń bá kòkòrò jà, a máa pèsè àwọn èròjà kan tí ń mú ara wú tí ó sì ń mú un gbóná. Díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ irú èyí tí ń mú kí ilé ọmọ máa sún kì nígbà tí ìrọbí bá dé. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀ràn fi rò pé àrùn ẹnu lè pe ìrọbí wá ṣáájú àkókò rẹ̀.

Ní ọdún 1996 ni Steven Offenbacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà jáde pé àrùn èrìgì le lára àwọn ìyá tí ó bí ọmọ tí kò pé oṣù tí ó sì fúyẹ́ ju bí ó ti le lára àwọn ìyá yòókù lọ. Ìròyìn náà mi àwọn oníṣègùn tìtì. Ní ọdún 2002, àwọn ará Chile, ní ìlú Santiago, ròyìn pé àwọn tọ́jú èrìgì àwọn aboyún kan kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 28, àwọn sì fi ti àwọn mìíràn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìbímọ. Nínú àwọn tí a tètè tọ́jú, àwọn tí ó bí ọmọ tí kò pé oṣù tàbí tí ó fúyẹ́ kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí a ní kí wọ́n dúró, wọ́n lé ní 10. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sáré lọ fọ ẹnu?

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ì bá rọrùn. Kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2006, àbájáde ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, tí a fi àwọn aboyún 823 ṣe ní ìlú mẹ́rin. Nínú àwọn tí a tọ́jú èrìgì wọn nígbà tí oyún wà nínú, ìdá 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bímọ ṣáájú oṣù. Nínú àwọn tí a kò tíì tọ́jú, ìdá 12.8. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Ní ọdún 2009, ìwádìí ńlá méjì tún jáde, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ tó 1,800, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà tí tirẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ìtọ́jú náà wo èrìgì àwọn ìyá sàn, kò sì ṣe ìyá tàbí ọmọ ní jàǹbá, ṣùgbọ́n kò dá ìrọbí àìtọ́jọ́ dúró.

Àwọn kan wí pé ohun tí ó fa èyí ni pé ìtọ́jú náà pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún bá ti tó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohun tí kòkòrò yóò ṣe, ó ti lè ṣe é. Àwọn mìíràn wí pé òṣì ni baba àwọn méjèèjì: obìnrin tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, tí kò rówó lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí iṣẹ́ sì ń pa á, ni èrìgì rẹ̀ yóò bàjẹ́, òun kan náà ni yóò sì bímọ ṣáájú oṣù. Ní tiwa, a rò pé òtítọ́ wà nínú èrò méjèèjì.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tètè ti ìwé dé. Ní ọdún 2010, Yiping Han àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa obìnrin kan ní California tí ọmọ rẹ̀ kú sínú rẹ̀ nígbà tí oṣù ti pé. Èrìgì obìnrin náà ti ń ṣẹ̀jẹ̀ gidigidi láti ìgbà tí ó ti lóyún. Nígbà tí a yẹ òkú ọmọ náà wò, a bá kòkòrò kan tí ń jẹ́ Fusobacterium nucleatum nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn rẹ̀. Nígbà tí a wá irú rẹ̀ kiri ara ìyá, ìdí eyín rẹ̀ ni a ti rí i. Ènìyàn kan péré ni èyí, a kò sì lè fi ẹnì kan ṣe òfin fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà wà láti ẹnu dé inú.

Èyí tí ó sì dùn mọ́ wa jù ti ilẹ̀ Áfíríkà wa wá. Ní Málàwì, ní agbègbè Lilongwe, Kjersti Aagaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ọmọ Málàwì fi orúkọ àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 sílẹ̀ ní ibùdó ìlera mẹ́jọ. Gbogbo wọn ni a kọ́ ní ìtọ́jú ẹnu. Ní ibùdó mẹ́rin nínú mẹ́jọ náà, a fún àwọn obìnrin ní ṣingọ́ọ̀mù tí a fi xylitol ṣe, pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Xylitol yìí jẹ́ ohun dídùn bí ṣúgà, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ń ba eyín jẹ́ kò lè fi ṣe oúnjẹ. Ìròyìn tí wọ́n mú wá ní ọdún 2022 ni pé níbi tí a ti ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù náà, ìdá 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bímọ ṣáájú oṣù, nígbà tí ó jẹ́ 16.5 ní ibùdó mẹ́rin yòókù. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sáré lọ ra ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ bí fèrè o! Ṣúgà ni ó kún inú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣúgà sì ni ọ̀tá tí à ń bá jà.)

Ohun tí àwa rí dì mú nínú gbogbo èyí ni pé àrùn èrìgì àti bíbí ọmọ ṣáájú oṣù sábà máa ń rìn pọ̀. Pé fífọ ìdí eyín ní àárín oyún nìkan kò tó láti yà wọ́n. Àti pé bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, bóyá kí oyún tilẹ̀ tó dúró, ìrètí wà. Ẹni tí ó bá sọ fún àwọn obìnrin Ìrémọ pé bí wọ́n bá ti fọ ẹnu, ọmọ kò ní bọ́ ṣáájú oṣù mọ́, irọ́ ni ó pa. Irọ́ yìí sì ní oró tirẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí ní àwùjọ wa bí oyún bá bàjẹ́ lára rẹ̀ tàbí bí ọmọ rẹ̀ kò bá yè. Àwọn kan yóò wí pé àjẹ́ ni, àwọn kan yóò wí pé ìwà rẹ̀ ni, ìyá ọkọ yóò sì ka ohun tí ó jẹ àti ibi tí ó rìn dé sí i lẹ́sẹ̀. Àwa kò ní bá wọn fi ìdọ̀tí ẹnu kún ẹ̀sùn. Kí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí yóò kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: nítorí ìlera obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni a fi ń tọ́jú ẹnu rẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ lóyún rárá, ó yẹ kí ó lè jẹ ẹran láìsí ìrora.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Ìrémọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtayébáyé Ilé-Ifẹ̀, Ọbalùfẹ̀ sì ni olórí rẹ̀. Láti Ẹnuwá lọ sí Lágéré, ọ̀nà Ìrémọ kún fún àwọn obìnrin tí ń ta, tí ń rà, tí ń rán aṣọ, tí ń dín àkàrà, oyún níwájú, ọmọ lẹ́yìn. Ìlú tí wọ́n ń gbé kì í ṣe ìlú tí kò ní dókítà eyín. Yunifásítì Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, ń kọ́ àwọn dókítà eyín níṣẹ́. Ilé-ìwòsàn eyín wà nínú ọgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni àlọ, owó ọkọ̀ ni àbọ̀, owó káàdì wà níbẹ̀, ọjọ́ kan sì ti bọ́ lára ọjà. Obìnrin tí eyín kò tíì máa dùn kò ní rí ìdí tí yóò fi san gbogbo èyí. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìrora ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù lọ síbẹ̀, nígbà tí ó ti di ọ̀ràn yíyọ.

Kí a má sì ṣe rò pé àìmọ̀tótó ni ó ń ṣe àwọn ènìyàn wa. Kí búrọ́ṣì tó dé ni Yorùbá ti ń run orín ní kùtùkùtù, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni. Orín àtà, orín ayán, pákò Ìjẹ̀bú, gbòǹgbò orógbó: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní adùn àti ìkorò tirẹ̀. Orín àtà yìí kan náà ni Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé ní ọdún 1971 pé omi tí a fún láti ara gbòǹgbò rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí nínú ìgò. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń run orín dáradára, tí ó fọ̀ ọ́ dé ẹ̀yìn eyín àti ìdí èrìgì, kò yẹ kí ó tijú níwájú ẹni tí ń lo búrọ́ṣì. Kìkì pé ọṣẹ ìfọnu tí ó ní fluoride a máa mú eyín le, orín kò sì ní in. Kò sì sí èèwọ̀ nínú kí ènìyàn lo méjèèjì, ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan kí ó tó sùn. Èyí tí ó ṣáájú sísùn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí aboyún tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ dẹ́kun fífọ ibẹ̀, ní èrò pé òun ń dá a lára. Ńṣe ni ó yẹ kí ó máa fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí ìdọ̀tí tí ó ń fi sílẹ̀ ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Àwọn kan sì gbà pé ọmọ inú ni ó ń fa agbára jáde láti inú eyín ìyá, pé bí obìnrin bá ti bímọ tó ni eyín rẹ̀ yóò ti yọ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ ìyá kò bá tó, inú egungun ni ọmọ ti ń wá tirẹ̀, kì í ṣe inú eyín. Ohun tí ń ba eyín aboyún jẹ́ ni ìpápánu olóhun dídùn ní gbogbo ìgbà, èébì tí ó kan, àti àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó fọ ẹnu. Ẹni tí ó bá bì kò gbọdọ̀ fọ eyín lójú ẹsẹ̀, nítorí omi inú èébì a ti mú kí ara eyín rọ̀. Kí ó fi omi yọ ẹnu, kí ó sì dúró fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Àwọn oògùn tí a ń rà lórí igbá wá ńkọ́? Bí eyín bá mú aboyún lóru, kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa àti òféefèé, ni ẹnì kan yóò sọ pé kí ó tú sínú ihò eyín tàbí kí ó gbé mì. Tetracycline ni oògùn náà, ó sì máa ń wọ eyín ọmọ tí ó wà nínú, tí eyín náà yóò fi hù jáde ní pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láéláé. Àwọn mìíràn a da oògùn olómi tí ń jó ẹran sínú ihò eyín, a jó èrìgì àti ètè wọn. Gbogbo èyí kí wọ́n má baà lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí a ti sọ fún wọn pé aboyún kì í yọ eyín. Ta ni ó ṣòfin náà? Kò sí oṣù oyún tí dókítà kò lè tọ́jú eyín tí ń dunni. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ó tu ìyá lára jù fún èyí tí kò kánjú. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń pa ẹnu kú kò léwu fún ọmọ bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Bí a bá sì ní láti ya fọ́tò eyín, a óò fi aṣọ òjé bo ikùn. Kí obìnrin ṣáà ti sọ fún dókítà pé òun lóyún, ì báà ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó.

Nígbà tí à ń wá ẹni tí yóò so ìyá mọ́ dókítà eyín, kò yẹ kí a lọ jìnnà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà kan ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọdébìnrin tí a kọ́ fún iṣẹ́ díẹ̀ ni ó ń wọn àwọn ọmọ ìkókó, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì kan tí ìyá ọmọ ń gbé lọ sílé. Káàdì náà ti Ìmẹ̀sí-Ilé jáde lọ sí gbogbo ayé. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìwọ̀n kan, pépà kan, àti ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pe dókítà. Ìtọ́jú ẹnu aboyún kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá níyànjú láti ọdún 2016 pé kí aboyún pàdé olùtọ́jú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ. Ní ìgbà kìíní, kí agbẹ̀bí bi í léèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀ àti bóyá eyín kan ń dùn ún. Kí ó ní kí ó la ẹnu. Kí ó sì kọ ohun tí ó rí sórí káàdì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìrémọ àti ti gbogbo Ifẹ̀, ẹ lè ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ tí ẹ bá kọ́ ní ìtọ́jú ẹnu lónìí, ìyá rẹ̀ lè wà nínú oyún nílé. Kí ó lọ sọ fún un pẹ̀lú pé kí a má máa fi ẹnu àgbà rún oúnjẹ fún ọmọ ọwọ́, nítorí kòkòrò tí ń jẹ eyín a máa gba ibẹ̀ kọjá láti ẹnu ìyá sí ti ọmọ.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ní àwọn ọdún 1950, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. A kò rí ìdí tí irú oore bẹ́ẹ̀ yóò fi dúró de ìgbà tí a bá bí ọmọ. Ní Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ ń gbé lónìí, aboyún kì í san kọ́bọ̀ fún ìtọ́jú eyín ní abẹ́ ètò ìlera ìjọba, títí tí ọmọ rẹ̀ yóò fi pé ọdún kan. Ìjọba àpapọ̀ wa kọ ìlànà ìlera ẹnu sílẹ̀ ní ọdún 2012. Inú ìwé ni ó pọ̀ sí. Ẹ má béèrè ilé ńlá lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ eyín yóò máa wá jókòó ní ibùdó ìtọ́jú aboyún tí ó sún mọ́ Ìrémọ jù, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ béèrè iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ aboyún fún fífọ ìdí eyín, kí ẹ sì ní kí wọ́n lẹ iye náà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.